Eegun Eku Tó Fi Ẹgbẹ̀rún Ọdún Kún Ọjọ́ Orí Niu Sílándì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan

Eegun eku kékeré tí òwìwí pọ̀ sílẹ̀ nínú ihò àpáta ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àríyànjiyàn tó tìdí ẹ̀ yọ sì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó rọlẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ látòkè délẹ̀ torí mo rí i pé àwa tá a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, èsì nìkan la máa ń pín kiri, "wọ́n ní ọdún báyìí ni", a kì í sọ bí wọ́n ṣe rìn ín débẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìrìn yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Mi ò ní dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tó wà nídìí ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ láàbù kankan, torí olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n lápá méjèèjì, bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ ló kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Niu Sílándì, tí àwọn Màórì tó jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní Aotearoa, erékùṣù ńlá méjì ni, ti Àríwá àti ti Gúúsù, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó yí wọn ká, gbogbo ẹ̀ tó nǹkan bí 268,000 kìlómítà níbùú lóòró. Nínú gbogbo ilẹ̀ ńlá tó ṣeé gbé láyé yìí, ibẹ̀ lọmọ èèyàn dé kẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé, kò sí ẹran onírun kankan tó ń rìn nínú igbó ibẹ̀ àyàfi àdán, ká yọ àwọn ẹran omi tó máa ń wá sinmi létí òkun kúrò. Ẹyẹ ló nilẹ̀. Móà wà níbẹ̀, ẹyẹ tí kò ní apá rárá, èyí tó tóbi jù nínú wọn lè wọ̀n ju 200 kìlógíráàmù lọ. Àwọn ará Pọlinéṣíà, ìyẹn àwọn erékùṣù tó fọ́n ká inú òkun Pàsífíìkì, ló fi ọkọ̀ ojú omi wá bá wọn, wọ́n kó ajá dání, wọ́n kó ọ̀dùnkún dání, eku kan náà sì bá wọn wá tí wọ́n ń pè ní kiore, eku Pàsífíìkì. Ẹ fi eku yẹn sọ́kàn.

Ìgbà wo wá ni wọ́n dé? Àwọn Màórì ti ní ìdáhùn tiwọn tipẹ́. Whakapapa ni wọ́n ń pe ìtàn ìran, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ka bàbá dórí bàbá bàbá títí á fi kan ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, orúkọ àwọn ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wọn dòní, Tainui, Te Arawa, Mātaatua, Tākitimu, Aotea, Tokomaru, Kurahaupō. Òyìnbó kan tó kó àwọn ìtàn náà jọ láyé ìgbà yẹn ka iye ìran, ó fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ọdún 25, ló bá ní ọdún 1350 ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ńlá kan jọ gúnlẹ̀. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò nígbà tó yá rí i pé ńṣe ló lẹ oríṣiríṣi ìtàn pọ̀ mọ́ra wọn, àṣìṣe ọwọ́ ẹ̀ wá di ẹ̀bi ìtàn ẹnu lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n gbé whakapapa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọjú sí kábọ̀n. Ó dùn mí pé bó ṣe lọ nìyẹn, bẹ́ ẹ bá bá mi dé ìsàlẹ̀ ẹ ó rí ìdí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábọ̀n yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé wa torí orí ẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró lé. Kábọ̀n-14 wà nínú afẹ́fẹ́, ewé ń gbà á sára, ẹran tó jẹ ewé ń gbà á, àwa tá a jẹ ẹran ń gbà á, ọjọ́ tí nǹkan ẹlẹ́mìí bá kú ni kò gbà á mọ́, èyí tó wà lára ẹ̀ á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀, tó bá pé ọdún 5,730 ìdajì á ti lọ. Willard Libby àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi han ayé ní 1949 pé èèyàn lè fi ìyókù ka ọjọ́ orí nǹkan, ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1960. Ohun tí láàbù ń sọ fún wa kò ju ìgbà tí kábọ̀n inú nǹkan yẹn kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ. Kò sọ ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Kò sọ ìgbà tí ẹnì kankan dáná. Àwa la máa ń fọwọ́ ara wa so ọdún tí láàbù kà mọ́ ohun tí èèyàn ṣe, ibi ìsokọ́ yẹn ló sì máa ń já.

Ẹ wo èédú fún àpẹẹrẹ. Igi kauri ibẹ̀ lè lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ láyé, tōtara náà máa ń pẹ́ gan-an, inú igi tó wà láàárín gbùngbùn ti dẹ́kun àtigba kábọ̀n láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí igi tó wó, ẹni tó bá wá fi igi gbígbẹ yẹn dáná lónìí, èédú tó kù nínú ààrò á sọ fún láàbù pé òun ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá ńlá ẹni tó dá iná. Kò parọ́, ọjọ́ orí igi ló sọ, àwa la gbọ́ ọ bí ọjọ́ orí iná. Bó ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú igi tí òkun gbá wá sétí omi. Ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ adágún omi náà ní tiẹ̀, torí òjò máa ń gbá ilẹ̀ àtijọ́ sínú adágún, kábọ̀n àtijọ́ á dàpọ̀ mọ́ tuntun, àpapọ̀ wọn á wá dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí irú nǹkan báyìí, láàárín àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èrò pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn ní àárín ọdún 800 sí 1000 lèèyàn dé. Ní 1987 ẹnì kan gbé e jáde pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láàárín 500 ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Kristi, torí àmì igbó tó jóná wà nínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti èédú tí wọ́n wà jáde nínú adágún. Ní 1991 ẹlòmíì kó gbogbo déètì tó wà nílẹ̀, ó ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ìrẹsì, ó yọ gbogbo èédú igi tó máa ń pẹ́ kúrò àti gbogbo sáńpù tí kò ní orúkọ gidi, ohun tó kù sọ́wọ́ ẹ̀ kò dàgbà ju ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá lọ. Àwọn kan gbà fún un, àwọn kan ní ó ti ṣà á jù.

Eku dé

Àárín ìyẹn la wà nígbà tí iṣẹ́ eku jáde ní 1996, nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó lókìkí jù láyé. Kí ẹ tó sọ pé kí ló kan eku, ẹ wo bí èrò náà ṣe mọ́gbọ́n dání tó, torí èrò tó dára gan-an ni, mo sì máa ń gbèjà ẹni tó ronú ẹ̀ títí dòní. Kiore kò lè lúwẹ̀ẹ́ la òkun kọjá. Ọkọ̀ èèyàn nìkan ló lè gbé e dé Niu Sílándì. Tẹ́ ẹ bá rí eku, ẹ ti rí èèyàn nìyẹn, kódà bí ẹ ò rí ilé, ẹ ò rí ààrò, ẹ ò rí sàréè. Eku tún máa ń bí kíákíá, oyún ẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, láàárín àkókò díẹ̀ ó ti kún gbogbo igbó. Èèyàn ogún tó gúnlẹ̀ sí etíkun kan lè má fi nǹkan kan sílẹ̀ tá a máa rí, àmọ́ eku tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn á fi eegun sílẹ̀ jákèjádò erékùṣù.

Ibi tí wọ́n ti rí eegun náà tún dáa. Òwìwí kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí, èyí tó gbẹ̀yìn tá a mọ̀ nínú wọn kú ní 1914, inú ihò àpáta ló máa ń gbé, á jẹ eku àti ẹyẹ kéékèèké, á pọ eegun wọn jọ sílẹ̀, ọdún á gorí ọdún títí eegun á fi di òkìtì. Wọ́n ṣa eegun eku nínú òkìtì báyìí, wọ́n kó o lọ sí láàbù, láàbù yọ púrótéènì inú eegun jáde, wọ́n sì ka kábọ̀n inú ẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bọ́ sí nǹkan bí ọdún 50 sí 150 lẹ́yìn ìbí Kristi.

Nǹkan bí ọdún 2,000! Ibùdó èèyàn tó dàgbà jù tí gbogbo wọn fọwọ́ sí kò sì ju 700 tàbí 800 ọdún lọ. Ó túmọ̀ sí pé eku ti wà níbẹ̀ fún ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ẹ tó rí ààrò kan ṣoṣo.

Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan gúnlẹ̀ nígbà yẹn lọ́hùn-ún, bóyá wọn ò pọ̀, bóyá wọ́n kú, bóyá wọ́n padà, eku tó bá wọn wá ló kù tó ń bí sí i. Kò sí nǹkan tó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó tún tán ìṣòro àwọn onímọ̀ ẹyẹ, torí àwọn ẹyẹ kéékèèké kan àtàwọn àkèré kan ti dín kù púpọ̀, eku tó ti wà níbẹ̀ láti 2,000 ọdún á ti jẹ ẹyin wọn títí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tiwọn sórí ẹ̀.

Ìgbìyànjú tó kọ́kọ́ wáyé

Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò lọ sí ihò àpáta rárá. Ó lọ sí ẹnu odò Shag ní Otago, ní Erékùṣù Gúúsù, ibùdó àwọn apẹranmóà àtijọ́ tí wọ́n ti walẹ̀ ẹ̀ dáadáa, tí èédú igi kéékèèké àti ìkarahun ibẹ̀ ti fi hàn pé ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n gbé ibẹ̀. Eegun eku wà nínú pàǹtírí kan náà pẹ̀lú eegun móà. Ó ní kí wọ́n ka ọjọ́ orí eegun eku wọ̀nyẹn. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí ibi tá a ti mọ ìdáhùn ló ti lọ dán ìwọ̀n wò. Àwọn kan nínú eegun eku náà jáde dàgbà ju ibùdó tí wọ́n wà nínú ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Eku tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ kò lè ṣáájú ẹni tó se ọbẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀, kò parí. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ eegun 1996 gbọ́ dáhùn pé ẹ̀rí púrótéènì inú eegun dára, wọ́n tún ka òmíràn, wọ́n kọ ọ́ síta, wọ́n ní ó ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn tí kò gbà á gbọ́ tún padà wá. Ẹnì kan to gbogbo déètì eegun eku sílẹ̀, kàkà kó tò wọ́n bí ibi tí wọ́n ti rí wọn, ó tò wọ́n bí ìgbà tí láàbù ṣiṣẹ́ lórí wọn, ló bá rí i pé àwọn tó dàgbà jù ń kóra jọ sínú ìgbà kan náà, àárín 1995 sí 1996, àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ń jáde lọ́mọdé. Mo gbà pé àtòjọ yẹn nìkan tó fi gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni mélòó nínú wa ló máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ sáńpù sínú téébù ẹ̀? Ilẹ̀ tó ti wá la máa ń kọ, bí ẹni pé láàbù kì í ṣe ara ibi tí sáńpù gbà kọjá.

Àwọn kan ní oúnjẹ eku ló fà á. Eku kì í yan oúnjẹ, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ọmọ ẹyẹ òkun, ó ń jẹ nǹkan inú omi, kábọ̀n inú òkun sì máa ń dàgbà ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí 400 ọdún, omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá lè burú jùyẹn lọ. Òótọ́ ni, ó sì lè jẹ́ kí eegun kan dàgbà díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ mo jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀: kí eegun tó jẹ́ ọdún 700 tó lè ka ọdún 2,000, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan bí 15 nínú 100 kábọ̀n inú ẹ̀ ni kábọ̀n òkú tí kò ní kábọ̀n-14 kankan mọ́. Iye yẹn pọ̀. Eku tí kò jẹ nǹkan míì ju oúnjẹ òkun lọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí gbogbo kábọ̀n ara ẹ̀ wá láti inú òkun, 400 ọdún yẹn nìkan ló máa fi ṣìnà, kò ní dé 1,300. Ẹ má sì gbàgbé pé eegun eku tín-ín-rín ni, púrótéènì inú ẹ̀ kò tó nǹkan, ìdọ̀tí kékeré tí eegun móà kò ní mọ̀ lára, á dojú ti eegun eku pátápátá.

Bó ṣe wà fún ọdún bíi mélòó kan nìyẹn, àwọn yìí ń sọ pé eegun dára, àwọn yẹn ń sọ pé kò dára, orí eegun kan náà ni gbogbo wọn dúró lé. Kò sí bí ọ̀rọ̀ báyìí ṣe lè tán. Tí ẹlẹ́rìí kan bá wà nílé ẹjọ́, tí wọ́n ń bá a fà á, pípè é padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní kó di ẹlẹ́rìí méjì.

Ojú eyín

Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà rèé, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan dẹ́kun àtibéèrè bóyá eegun náà dára, wọ́n béèrè pé kí ni nǹkan míì tí eku máa ń fi sílẹ̀? Eku máa ń gé nǹkan jẹ. Igi miro, mataī àti hīnau ní kóró líle, eku á fi eyín iwájú ha á títí á fi dé inú, á fi ojú eyín méjì méjì sílẹ̀ létí ihò náà, kò sí ẹranko míì ní erékùṣù yẹn láyé ìgbà yẹn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ á fọ́ kóró tàbí kó gbé e mì, kòkòrò á lu ihò róbótó sí i. Ẹni tó bá ti fojú kọ́ ọ kò ní ṣi ti eku mú.

Ẹ wò ó bí kóró yìí ṣe gbà wá lọ́wọ́ gbogbo wàhálà tó wà nílẹ̀. Kóró kì í jẹun, inú afẹ́fẹ́ ló ti gba kábọ̀n ẹ̀ ní tààrà, torí náà kò sọ́rọ̀ òkun, kò sọ́rọ̀ òkúta ẹfun. Àsìkò kan ṣoṣo ló fi dàgbà lórí igi, kò dà bí igi kauri tó ní ẹgbẹ̀rún ọdún nínú. Kò sọ́rọ̀ púrótéènì eegun níbẹ̀, fífọ̀ ẹ̀ rọrùn fún láàbù. Ẹ̀rọ ìgbàlódé lè ka ọjọ́ orí kóró kan péré. Eku kì í sì í wá kóró tó ti jẹrà, tuntun ló ń wá, nítorí náà ọjọ́ tí kóró bọ́ àti ọjọ́ tí eku jẹ ẹ́ kò jìnnà síra. Àbàtà ibẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, kóró tó bá bọ́ sínú ẹ̀ kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kóró ló tò léra wọn síbẹ̀ bí ìwé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí kóró jáde ní 2004, èyí tó tóbi jáde ní 2008. Wọ́n wa àbàtà ní Erékùṣù Àríwá àti ti Gúúsù, wọ́n fọ ẹrẹ̀ nínú asẹ́, wọ́n ka ọjọ́ orí kóró tó lé ní 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú eyín eku. Kóró tí ẹyẹ fọ́ àti èyí tí kòkòrò lu wà níbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Èyí tí eku jẹ, kò sí ọ̀kan tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1280.

Àìrí yẹn lágbára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àìrí nǹkan kò túmọ̀ sí pé kò sí. Àmọ́ níbí, kóró wà nínú ẹrẹ̀ àwọn ọ̀rúndún tó ṣáájú, kóró irú kan náà, wọn ò bàjẹ́, àmì ẹyẹ àti ti kòkòrò hàn lára wọn ketekete. Bí eku tó ń bí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta bá ti wà nínú igbó yẹn fún ẹgbẹ̀rún ọdún gbáko, ojú eyín ẹ̀ á wà lára wọn. Aṣọ funfun tá a tẹ́ sílẹ̀ ni kóró wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹsẹ̀ eku lórí ẹ̀ títí di ọ̀rúndún kẹtàlá.

Wọn ò wá dúró síbẹ̀. Wọ́n padà lọ sí àwọn ihò àpáta tí eegun 1996 ti wá gan-an, wọ́n tún un wà, wọ́n mú eegun eku jáde, wọ́n fi ọ̀nà tó mọ́ jùyẹn lọ fọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀kan tó ṣáájú nǹkan bí 1280. Eegun àti kóró wá pàdé ní ibì kan náà. Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún wọn jù nìyí, torí kóró nìkan ti tó láti fi borí àríyànjiyàn, wọ́n ṣì padà lọ bá ẹ̀rí alátakò nílé ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ibi tó yàtọ̀ ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo nǹkan tó ti ń ta kora wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu. Òkè Tarawera ní Erékùṣù Àríwá bú ní ìgbà kan, eérú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kaharoa bo ilẹ̀ tó pọ̀, wọ́n fi òrùka igi kan tí ìbúgbàù náà pa mọ ọdún ẹ̀: 1314, ká fi 12 kún un tàbí ká yọ 12 kúrò. Kò sí ibùdó èèyàn kan tá a mọ̀ tó wà lábẹ́ eérú yẹn, àmì igbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju díẹ̀ lọ lábẹ́ ẹ̀. Ní 1999 wọ́n ti fi hàn pé àbàtà ń fún wa ní déètì tó kéré ju ti adágún lọ lórí ọ̀rọ̀ igbó tó jóná kan náà, ìyẹn ni pé "iná àtijọ́" ọdún 1987 yẹn, ilẹ̀ àtijọ́ tí òjò gbá wọlé ni. Wairau Bar ní orí Erékùṣù Gúúsù, níbi tí ọmọ iléèwé kan ti hú ẹyin móà àti eegun èèyàn ní 1939, nígbà tí wọ́n ka èèpo ẹyin móà ibẹ̀ ní ọjọ́ orí, ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìnlá ló bọ́ sí. Móà fúnra wọn sì parun kó tó pé 200 ọdún lẹ́yìn tí èèyàn dé. Ìgbà táwọn èèyàn kan fi wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò rí wọn, kò sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé, àpẹẹrẹ wọn sì hàn lójú ẹsẹ̀.

Whakapapa náà ńkọ́? Iye ìran tí wọ́n ń kà lẹ́nu kò jìnnà sí ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá yẹn rárá. Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ ìtàn pọ̀ ló ṣàṣìṣe, àwọn tó ni ìtàn ti ń sọ nǹkan tó sún mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí wá. Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ ka ọjọ́ orí ilẹ̀ kan, kó gbọ́ tẹnu onílẹ̀ kó tó kan sí láàbù, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, kó má fi kún un.

Fún àwa tí iṣẹ́ yìí kàn, nǹkan tí mo mú dání kúrò níbẹ̀ pọ̀, àmọ́ mélòó kan ni mo máa ń rántí lójoojúmọ́. Kí ẹ tó fi èédú ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ igi sọ irú igi tó jẹ́ àti apá ibo lára ẹ̀, ẹ̀ka kékeré tàbí inú igi, tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má fi í ránṣẹ́. Ẹ pín sáńpù sí méjì, ẹ fi ìdajì pamọ́ fún ẹni tí kò ní gbà yín gbọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì, kó lè ṣeé tò bí wọ́n ṣe to ti eku. Tí ohun èlò kan bá jẹ́ tuntun fún láàbù, bíi eegun ẹran kékeré, ẹ kọ́kọ́ lò ó níbi tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí kejì, ẹ wá èyí tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀rí àkọ́kọ́, kó má lọ jẹ́ pé àrùn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Irú ìṣà-sáńpù yìí kò dúró sí Niu Sílándì. Ní 2011 wọ́n kó déètì kábọ̀n 1,434 jọ láti àwọn erékùṣù Ìlà Oòrùn Pọlinéṣíà, wọ́n pín wọn bí wọ́n ṣe ṣeé gbọ́kàn lé sí, wọ́n fi èyí tó mọ́ nìkan ṣiṣẹ́: àwọn Erékùṣù Society, níbi tí Tahiti wà, bọ́ sí 1025 sí 1120, àwọn erékùṣù tó jìnnà tó kù wá jọ bọ́ sáàárín 1190 sí 1290, bí ẹni pé ọkọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí gbogbo òkun. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló já kúrò nínú ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀.

Ní 2022 àwọn kan tún padà sí Aotearoa fúnra ẹ̀ pẹ̀lú déètì tó pọ̀ sí i àti ọ̀nà ìṣirò tó múná sí i. Wọ́n ní Erékùṣù Àríwá ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí, láàárín 1250 sí 1275, ti Gúúsù tẹ̀ lé e láàárín 1280 sí 1295. Ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín ọdún tí apá méjèèjì ń dá nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ eegun eku. Báyìí, ohun tí wọ́n ń wá kò ju bóyá ọmọ ni tàbí bàbá ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ gba Gúúsù lọ.